Àṣẹ Ìfò Kì í Ṣe Ààbò

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Òwe àlàáfíà ni òwe náà, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni wọ́n fi pa á; wọn kò fi ọkọ̀ òfurufú pa á. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú méjìlá, ọkọ̀ òfurufú méjì fara kan ara wọn lókè odò Potomac, ní Washington tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀kan jẹ́ bàálù akérò tí ó gbéra láti ìlú Wichita. Èrò 60 àti òṣìṣẹ́ 4 ni ó wà nínú rẹ̀. Èkejì jẹ́ hẹlikọ́pítà àwọn ológun, ọmọ-ogun 3 ni ó sì gbé. Ẹnì kan ṣoṣo kò yè. Ẹ̀mí 67 ni ó bọ́ sínú omi tútù náà. Lára wọn ni àwọn ọmọdé tí wọ́n lọ kọ́ eré fífẹsẹ̀ yọ̀ lórí omi dídì, àwọn òbí tí wọ́n sìn wọ́n lọ, àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn ní eré náà.

Láti ìgbà tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti rí irú ikú bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn láti inú bàálù akérò ńlá, nínú oṣù kejì ọdún 2009, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí rò pé ewu ojú òfurufú ti di ìtàn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fi ara balẹ̀ yẹ ọ̀ràn náà wò, kí a má ṣe kẹ́dùn lásán kí a sì kọjá lọ.

Ohun tí ó ń dun àwa jù nínú ọ̀ràn yìí ni pé hẹlikọ́pítà náà kò yọ́ wọlé bí olè. Ó pe ilé-ìṣọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú lórí rédíò, ó tọrọ àyè, a sì fún un ní àṣẹ. Ọ̀nà tí ó ń tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀; ìjọba ni ó fa ọ̀nà náà sínú àwòrán, tí ó sì fún un ní orúkọ. Bí ẹni tí ó gba àṣẹ bá lè pàdé ikú ní ojú ọ̀nà tí aláṣẹ là sílẹ̀, tí ó sì tún mú ẹni 64 mìíràn dání, a jẹ́ pé àṣẹ ti di nǹkan ọ̀tọ̀, ààbò sì ti di nǹkan ọ̀tọ̀. Ní èrò tiwa, àṣẹ tí kò ní ààbò nínú kò yẹ ní ẹni tí a ń fún ẹnikẹ́ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ìlú ńlá tí bàálù ń wọ̀ tí wọ́n sì ń jáde ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, a kì í fi òfurufú sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn olùdarí ọkọ̀ òfurufú a máa jókòó nínú ilé-ìṣọ́ gíga, wọn a máa wo ojú ọ̀run àti ojú ẹ̀rọ rádà, wọn a sì máa bá awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀. Bàálù ńlá ní ọ̀nà tirẹ̀: láti ọ̀nà jíjìn ni yóò ti máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀. Hẹlikọ́pítà ní ọ̀nà tirẹ̀ pẹ̀lú: nítorí pé òun a máa fò nílẹ̀ nílẹ̀, a máa ń là á ní ọ̀nà lẹ́bàá odò tàbí lẹ́bàá òpópó ńlá, a ó sì sọ gíga tí kò gbọdọ̀ kọjá. Kí ó tó wọ inú ààlà pápá ọkọ̀ òfurufú, ó di dandan kí ó gba àṣẹ lẹ́nu olùdarí.

Ní Washington, pápá ọkọ̀ òfurufú Reagan, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1941, wà ní etí odò Potomac ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà hẹlikọ́pítà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Kẹrin tẹ̀lé etí odò kan náà ní ìhà ìlà-oòrùn. Òfin sì wí pé hẹlikọ́pítà kò gbọdọ̀ fò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ níbẹ̀. Títí dé ìhín, ohun gbogbo dára: bàálù ní òdìkejì odò, hẹlikọ́pítà ní òdìkejì kejì. Ṣùgbọ́n pápá náà ní ojú-ọ̀nà ìbalẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní 33. Bàálù tí yóò bà sí orí rẹ̀ ní láti gba ìhà ìlà-oòrùn wá, kí ó ré odò kọjá, kí ó sì balẹ̀. Abẹ́ ibi tí irú bàálù bẹ́ẹ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ gan-an ni Ọ̀nà Kẹrin gbà kọjá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa kọ ìṣirò yìí sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ. Àjọ NTSB, tí í ṣe àjọ tí ń wádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò náà, ó sì gbé e jáde nínú oṣù kẹta ọdún 2025. Bí hẹlikọ́pítà bá rọ̀ mọ́ etí odò, tí ó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 200 géérégé, tí bàálù náà sì ń sọ̀kalẹ̀ sí ojú-ọ̀nà 33 gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, àlàfo tí ó wà láàrin wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 75 lọ. Bàálù tí ó jábọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ láti imú dé ìrù. Èyí já sí pé bí a bá nà án dúró ní òòró, kò lè gba inú àlàfo tí òfin fi sílẹ̀ láàrin òun àti hẹlikọ́pítà. Ìyẹn sì ni bí gbogbo ènìyàn bá pa òfin mọ́ láìṣìnà. Síwájú sí i, àwòrán ọ̀nà náà kò sọ ìwọ̀n tí hẹlikọ́pítà lè jìnnà sí etí odò. Bí ó bá sì ti ń sún mọ́ àárín odò ni àlàfo náà ń dín kù.

Kí ni wọ́n wá gbẹ́kẹ̀ lé, nígbà tí àlàfo kò tó? Ojú ènìyàn ni. Olùdarí yóò sọ fún awakọ̀ hẹlikọ́pítà pé bàálù kan ń bọ̀ ní ibi báyìí. Bí awakọ̀ bá fèsì pé òun ti rí i, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí òun fi ojú ara òun yà fún un, olùdarí yóò gbà. Láti ìṣẹ́jú náà lọ, ẹrù ti kúrò ní orí ilé-ìṣọ́, ó ti di ti awakọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n alákàn kì í fò lóru láàrin iná ìlú ńlá, níbi tí iná bàálù kan ti jọ ti èkejì, tí gbogbo wọn sì dàpọ̀ mọ́ iná òpópó àti ti ilé.

Ẹ wo bí ó ti rí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Olùdarí sọ fún hẹlikọ́pítà pé bàálù kan wà nítòsí afárá Wilson, ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 1,200, tí ó ń yípo lọ sí ojú-ọ̀nà 33. Nígbà tí àwọn olùwádìí fetí sí àpótí tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú hẹlikọ́pítà, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó sọ pé bàálù náà ń yípo. Àwọn ọmọ-ogun fèsì pé àwọn ti rí bàálù, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ láti fi ojú yà fún un. A gbà fún wọn. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá, olùdarí tún bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá rí bàálù náà, ó sì ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ni ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì rédíò nínú hẹlikọ́pítà láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí irú rédíò bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ràn nígbà kan náà. Ìmọ̀ràn tí ó ṣe pàtàkì jù lálẹ́ náà kò dé etí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí.

Kì í sì ṣe ẹni méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ilé-ìṣọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń darí àwọn bàálù, tí ó sì tún ń darí àwọn hẹlikọ́pítà. Àṣà wọn ni láti pín iṣẹ́ náà fún ẹni méjì títí di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, kí wọ́n tó dà á pọ̀ fún ẹnì kan nígbà tí ìrìnnà bá ti dín kù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dà á pọ̀ ṣáájú àkókò ní ọjọ́ náà. Bàálù kì í bá hẹlikọ́pítà sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì kan náà, nítorí náà àwọn tí ó wà nínú bàálù kò gbọ́ èsì tí àwọn ọmọ-ogun ń fún ilé-ìṣọ́.

Àwọn kan ti sọ pé àwọn ọmọ-ogun ni ó rú òfin, nítorí pé ẹ̀rọ fi hàn pé wọ́n wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 278 ní ìgbẹ̀yìn, dípò 200. Òtítọ́ ni pé wọ́n ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ NTSB dán irú hẹlikọ́pítà bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé aago tí ń wọn gíga nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ bàtà 80 sí 130 dín iye tí ó jẹ́ òtítọ́ kù. Awakọ̀ tí ó wo aago rẹ̀ lè gbà pé òun ń pa òfin mọ́, nígbà tí ó ti wọ ojú ọ̀nà bàálù. Ẹ̀rọ mìíràn sì wà, èyí tí a ń pè ní ADS-B, tí ó ń kéde ibi tí ọkọ̀ òfurufú wà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Hẹlikọ́pítà náà kò fi í kéde ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàálù akérò náà kò sì ní irú ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ìkéde náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣe é. Ọ̀nà tí ó fi àyè ẹsẹ̀ bàtà 75 sílẹ̀, tí ó sì ń béèrè pé kí aago má ṣìṣe, kí rédíò má dí, kí ojú má sì tàn wá jẹ, kì í ṣe ọ̀nà tí a là fún ẹ̀dá ènìyàn.

Síbẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀ ni ó pa àwọn ẹni 67 náà, nítorí pé àkọsílẹ̀ wà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 títí di oṣù kejìlá ọdún 2024, ìgbà 15,214 ni a kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàálù àti hẹlikọ́pítà sún mọ́ ara wọn jù ní àyíká pápá náà, tí àlàfo àárín wọn kò tó máìlì ojú omi kan ní ẹ̀gbẹ́, tí kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 400 ní òkè sí ìsàlẹ̀. Nínú ìwọ̀nyí, 85 ni ó burú jù: àlàfo kò tó ẹsẹ̀ bàtà 1,500 ní ẹ̀gbẹ́, kò sì tó 200 ní òkè sí ìsàlẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí wà ní ọwọ́ àjọ FAA, tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìṣọ́ pẹ̀lú ti dábàá pé kí a sàmì sí àwọn ibi eléwu lórí àwòrán ọ̀nà hẹlikọ́pítà. A kò gbà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí kòtò kan bá wà ní ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà wá sí ilé-ìwé, tí olùkọ́ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ní ojoojúmọ́ pé ọmọ báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí kòtò, tí ó ń pa ìwé náà dé, tí ó ń tì í mọ́ inú àpótí, ǹjẹ́ a lè yìn ín pé akọ̀wé rere ni? Bí ọmọ kan bá wá kú sínú kòtò náà, ìwé tí ó kọ kò ní gbè é. Ìwé náà gan-an ni yóò jẹ́rìí takò ó. Ẹni tí ó mọ̀ tí kò sì ṣe nǹkan jẹ̀bi ju ẹni tí kò mọ̀ lọ.

A wá dé ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú. Ní ọjọ́ kejì jàǹbá náà, nígbà tí wọn kò tíì kó òkú tán nínú odò, Ààrẹ Trump bọ́ sí iwájú àwọn oníròyìn, ó sì di ẹ̀bi ru àwọn ìjọba tí ó ṣáájú tirẹ̀ àti ètò tí wọ́n fi ń gba oríṣiríṣi ènìyàn sí iṣẹ́. Ìwádìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa nígbà náà. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Nígbà tí àjọ NTSB sì parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú oṣù kìíní ọdún 2026, ohun tí ó rí ni pé àjọ FAA gbé ọ̀nà hẹlikọ́pítà sún mọ́ ibi ìsọ̀kalẹ̀ bàálù jù, pé kò ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà náà lóòrèkóòrè, pé kò kọbi ara sí ìkìlọ̀, àti pé a gbẹ́kẹ̀ lé ojú ènìyàn ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣáájú èyí, nínú oṣù kejìlá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti gbà ní iwájú ilé-ẹjọ́ pé òun kùnà nínú ojúṣe òun.

Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ kan má ṣe fi èyí yangàn sí èkejì. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ méjèèjì pa ohùn pọ̀, wọ́n sì dìbò fún òfin tí ó fi ìrìn-àjò mẹ́wàá lójúmọ́ kún iye bàálù tí ó ń lo pápá yìí, márùn-ún ní wíwọlé, márùn-ún ní jíjáde. Àwọn ará Sẹ́nétì láti Virginia àti Maryland, tí pápá náà wà ní ẹnu ọ̀nà wọn, ta kò ó, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé pápá náà ti kún jù. A kò gbọ́ tiwọn. A kò wí pé ìrìn-àjò mẹ́wàá yìí ni ó fa ikú náà. Ohun tí a ń wí ni pé nígbà tí àǹfààní bá wà láti pín, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó máa ń fọwọ́ sí i. Nígbà tí ikú bá dé, olúkúlùkù a máa wá ẹni tí yóò gbé e rù.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bi wá pé: ṣé kí a lé hẹlikọ́pítà kúrò ní ojú ọ̀run ìlú ni? Rárá o. Hẹlikọ́pítà ni ó ń gbé aláìsàn tí kò lè dúró de ọkọ̀ ilẹ̀; òun ni ọlọ́pàá fi ń lé ọ̀daràn; òun sì ni àwọn ológun Washington ń fi múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí a ó ní láti kó àwọn aláṣẹ ìlú kúrò nínú ewu. Ìdánwò ìwakọ̀ òru ni àwọn ọmọ-ogun náà ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdánwò náà kò sì burú. Ohun tí ó burú ni láti ṣe é lábẹ́ bàálù tí ó kún fún èrò tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2025 ni àjọ FAA ti apá Ọ̀nà Kẹrin tí ó léwu náà pa. Iṣẹ́ tí a lè ṣe láàrin bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ikú, a lè ṣe é láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ikú.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ilé-ìṣọ́ ní láti dá bàálù méjì padà sókè bí wọ́n ti fẹ́ balẹ̀, nítorí hẹlikọ́pítà ológun kan tí ó ń lọ sí Pentagon. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́ pé tẹlifóònù tí ó so Pentagon mọ́ ilé-ìṣọ́ ní tààrà kò ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹta ọdún 2022. Ọdún mẹ́ta ni wáyà náà fi kú, tí ẹnikẹ́ni kò sì jí i!

Kì í ṣe pé kò sí ibi tí a ti lè kọ́ ọgbọ́n. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2009, bàálù kékeré kan àti hẹlikọ́pítà tí ń gbé arìnrìn-àjò kiri kọlu ara wọn lókè odò Hudson ní New York, ẹni 9 sì kú. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ṣe òfin tuntun: àwọn tí ń fò kiri inú ìlú yóò wà ní ìsàlẹ̀, àwọn tí ń kọjá lọ yóò wà ní òkè wọn, olúkúlùkù yóò gba apá ọ̀tún odò, yóò sì máa kéde ara rẹ̀ lórí rédíò bí ó ti ń dé ibi kọ̀ọ̀kan. Ní London, hẹlikọ́pítà tí ó ní ẹ̀ńjìnnì kan ṣoṣo ní láti tẹ̀lé àwọn ọ̀nà tí a là sílẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì tọ odò Thames, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ̀ńjìnnì bá kú, orí ilé àwọn ènìyàn kọ́ ni yóò já lé. Hẹlikọ́pítà tí ó bá sì fẹ́ ré pápá Heathrow kọjá yóò dúró ní ibi tí a yàn fún un, títí olùdarí yóò fi rí àyè láàrin àwọn bàálù. Dídúró náà a máa gba àkókò, ó sì ń ná ni ní epo. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a pẹ́ dé ju kí a má dé lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni àwa rò pé ó yẹ kí gbogbo ìlú tí ó ní hẹlikọ́pítà àti bàálù pọ̀ ní ojú ọ̀run rẹ̀ mú lò. Èkíní, kí a má ṣe la ọ̀nà hẹlikọ́pítà gba abẹ́ ibi ìsọ̀kalẹ̀ bàálù; bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, kí a dá ọ̀kan dúró títí èkejì yóò fi kọjá. Èkejì, kí a má ṣe fi ojú ènìyàn nìkan ṣe ààbò ní alẹ́, ní ibi tí èrò pọ̀ sí. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe di iṣẹ́ ẹni méjì ru ẹnì kan nínú ilé-ìṣọ́ nígbà tí ọ̀nà kò tíì dá. Ẹ̀kẹrin, èyí tí í ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, kí ẹnì kan wà tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a mọ ọ́fíìsì rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka àkọsílẹ̀ ewu, kí ó sì ní agbára láti ti ọ̀nà pa láì dúró de òkú.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé Washington jìnnà sí wa. Kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó fi Maryland, tí ó wà ní ìkángun Washington, ṣe ibùgbé. Pápá náà sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, ojú ọ̀run Èkó kò ṣófo. Hẹlikọ́pítà tí ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo àti àwọn ọlọ́lá ń kọjá lórí ilé wa. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2015, ọ̀kan já sínú ọ̀sà ní Ọ̀wọ̀rọ̀ǹṣòkí, ẹni 6 sì kú nínú ẹni 12. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2020, òmíràn já lu ilé ní Ọ̀pẹ̀bì, ní Ìkẹjà, ẹni 3 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Bàálù kankan kò kọlu àwọn wọ̀nyí. Ọ̀ràn tiwọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi yé wa pé ohun tí ó bá bàjẹ́ lókè, orí ẹni tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń wá. Kí a tó wí pé ewu Washington kò lè dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ wa pé: níbo ni àkọsílẹ̀ ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú sún mọ́ ara wọn jù wà, ta ni ó sì ń kà á?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ìwé kíkọ kò parí iṣẹ́. Ohun tí a kọ ni a ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, nígbà tí ẹ bá dé iwájú àwọn tí ẹ dìbò fún, ẹ má ṣe béèrè kìkì ọ̀nà tuntun àti bàálù tuntun. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ta ni ń ṣọ́ ọ̀nà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè náà kì í dùn létí aláṣẹ, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó ń fi í kọrin lójọ́ ìbò. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti béèrè rẹ̀ tìpátìpá ní Washington nígbà tí àkọsílẹ̀ náà ṣì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan péré, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ láti ibi eré ti dé ilé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ojú ọ̀run ṣì tó ẹyẹ fò. Ó lè tó ènìyàn náà fò, bí àwọn tí a fi ṣọ́ ọ bá ń ṣọ́ ọ. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí ẹni 67 náà nínú.